Ẹ̀gbọ́n Kí Wa, A Ò Dáhùn

Gbogbo ohun tí òfin ní kí iléeṣẹ́ wa ṣe fún ẹ̀gbọ́n yìí pátá ni wọ́n ṣe. Kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé ọ̀gá ni mo fẹ́ bú.

Iléeṣẹ́ abọ́ oníke ni, ní Oregun. Ẹ̀gbọ́n yìí ló kọ́ mi níṣẹ́ ẹ̀rọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wárápá gbé wọn ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí apá àti ẹsẹ̀ wọn ṣe ń gbọ̀n, tí itọ́ funfun ń hó lẹ́nu wọn, èmi ni mo kọ́kọ́ fò sẹ́yìn. Èmi náà ni mo pariwo pé, “Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n o! Itọ́ yẹn ń ràn!” Kì í ràn. Ohun tí mo gbọ́ láti kékeré ni mo sọ, mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, iléeṣẹ́ ti lé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́yà obìnrin kan ní Ìkẹjà, tó ń gba ẹjọ́ òṣìṣẹ́ rò lọ́fẹ̀ẹ́, kọ̀wé sí iléeṣẹ́ pé òfin ò gbà kí wọ́n lé ẹni tó lè ṣiṣẹ́ torí àìlera. Ọ̀gá gbà. Wọ́n gbé wọn kúrò nídìí ẹ̀rọ gbígbóná, wọ́n fi wọ́n sídìí tábìlì tí a ti ń di abọ́ sínú páálí.

Láàárọ̀ tí ẹ̀gbọ́n padà dé, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ìṣe wọn. “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi!”

Tẹ́lẹ̀, ariwo ni ì bá sọ: “Bọ̀dá, ẹ pẹ́ o! Ṣé ìyàwó ló dì yín mú?” Láàárọ̀ yẹn, ẹ̀rọ nìkan ló ń dún. Kò sẹ́ni tó pe ìpàdé, kò sẹ́ni tó ṣẹ́jú sẹ́nì kan. Síbẹ̀ gbogbo wa panu mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó gbọ́ ìpè tí kò rí ẹni tó pè é.

Obìnrin kan tó ń di páálí ní, “Ẹ gbọ́, ṣé ẹnì kan sọ̀rọ̀ ni?”

“Fáànù ni jàre,” ẹnìkejì rẹ̀ dáhùn.

Ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n rò pé àwàdà ni.

Ó di ojoojúmọ́. Ibi tí wọ́n ṣubú sí, kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́. A ò sàmì sí i o. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́, tí kò sẹ́ni tó sọ ìtàn náà fún, àwọn náà ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù yí ibẹ̀ ká.

Àdúgbò kan náà là ń gbé ní Agége. Níbẹ̀, mò ń kí wọn dáadáa, mo sì ń béèrè àwọn ọmọ. Tí a bá ti wọ géètì iléeṣẹ́, ẹnu mi á kú. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n dá mi dúró.

“Àbúrò, ṣé mo ti kú ni?”

“Háà, ẹ̀gbọ́n! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.”

“Nígbà míì mo máa ń fọwọ́ kan ojú ara mi kí n lè mọ̀. Jọ̀ọ́, lọ́la, dá mi lóhùn níwájú wọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Tí mo bá gbọ́ ohùn ẹnì kan, màá lè dúró síbẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo ń fiṣẹ́ sílẹ̀.”

Mo ṣèlérí.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wá síwájú ẹ̀rọ mi. “Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ o.”

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo doríkodò, mo ń gé etí abọ́ kan tí mo ti gé tẹ́lẹ̀. Wọ́n dúró. Mò ń rí bàtà wọn. Nígbà tó yá, mi ò rí bàtà náà mọ́.

Wọ́n kọ ìwé sílẹ̀ lọ́ọ́fíìsì pé àwọn fúnra àwọn làwọn fẹ́ lọ.

Lọ́yà pè mí lórí fóònù. “Ta ló ní kí ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀? Ṣé ọ̀gá yín ni?”

“Rárá, mà.”

“Ṣé ẹnì kan bú wọn?”

“Rárá, mà.”

Lọ́yà mí kanlẹ̀. “Ká ní ọ̀gá ló pàṣẹ ni, mo mọ ibi tí ǹ bá gbé e lọ. Òfin tó wà lọ́wọ́ mi ò lè mú ẹni tó kàn dákẹ́. Ìwọ ńkọ́? Wọ́n sọ fún mi pé o ṣèlérí. Kí ló dé tí o ò dá wọn lóhùn?”

Mo lanu.

“Hẹ́lò?” ni lọ́yà ń wí. “Hẹ́lò? Ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀?”

Mo gbé fóònù náà mọ́ etí. Mi ò gé e.