Ẹyin Tí Ìyá Àgbà Fi Dù Wá

Háà, Ìyá Àgbà, ilé ti dá páropáro. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́, àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ wà nínú pósí mọ̀ pé òótọ́ ni.

Nígbà tí ìyá wa kú, ẹ̀yin lẹ tọ́ èmi Ràbí àti àbúrò mi n'Ìkòsì. Ayé òyìnbó ni. Ẹ ní adìẹ mẹ́jọ. Nọ́ọ̀sì kan wá, ó rí i pé ẹsẹ̀ wa rí bí igi ìṣáná, ó ní kí ẹ máa bọ ẹyin fún wa ṣe ìpanu.

Ẹ ní, "Ọmọ tó bá ń jẹyin á jalè."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀pà àti ìrèké lẹ ń fún wa. Àwọn awakọ̀ ọ̀nà Ìkòròdú ló ń ra ẹyin.

Lọ́jọ́ kan, ẹyin kan dín. Mo ní mo rí adìẹ funfun tó ń ṣá ẹyin ara ẹ̀ jẹ.

Ẹ ní, "Olè tún ń purọ́."

Ẹ so èèpo ẹyin mọ́ mi lọ́rùn, ẹ mú mi rìn láti Ìkòsì dé Kẹ́tu nínú oòrùn, ẹ sì ń dúró lọ́nà káwọn èèyàn lè wò mí dáadáa. Ẹ kì í fiṣẹ́ ṣeré. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ mí ní Ràbí Olè-ẹyin. Ọkọ mi gbọ́ Olè-ẹyin kó tó gbọ́ Ràbí.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀yin fúnra yín bá adìẹ funfun lórí ìtẹ́, pupa ẹyin wà lẹ́nu ẹ̀. Ẹ wò ó títí. Ẹ yíjú sí mi, ẹ ní, "Ìwọ lo kọ́ ọ."

Ẹ pa á, ẹ dá a jẹ, torí ẹran náà ń sọ ọmọ dolè.

Ìyá Múrí tá a jọ múlé ti ara wa ń fọ ìkòkò lọ́wọ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè: "Ìyá Àgbà, ọmọ tí kò tọ́ ẹyin wò rí, kí ló wá sọ ọ́ dolè?"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ bọ ẹyin méjì, ẹ gbé e síwájú wa bíi pé ẹ̀ ń gbé e fún ajá.

Ẹ wọ̀ wá láṣọ, ẹ ò jẹ́ ká sùn lébi. Ẹ ò sì bẹ̀ mí títí ẹ fi dákẹ́. Mo ti dárí jì yín. Mo kàn ní kí wọ́n bá mi kọ ọ́ sínú ìwé ìsìnkú yín yìí kí gbogbo Kẹ́tu lè kà á ni.

Ẹ sùn re o, Ìyá Àgbà. Adìẹ ló jẹ ẹ́.