Àwọn Ará Amẹ́ríkà Tí Bàbá Mi Ń Gbọ́ Tiwọn

Òórùn ata-ilẹ̀ ló máa ń jí mi láràárọ̀ Sátidé nílé wa ládùúgbò Copperfield. Bàbá mi á ti sè é nínú kẹ́tùlù láti ìdájí, á gbé ife rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí basement, kí ohùn rẹ̀ má baà há. Bí mo bá ti gbóòórùn yẹn, tí mo wo ojú fèrèsé tí mo rí i pé snow ti bo táyà mọ́tò wa, mo ti mọ̀ pé ọjọ́ yẹn kì í ṣe tèmi. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló ni ín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọmọ Ìwó ni bàbá mi, tíṣà Geography ni l'Óṣogbo kí a tó kó wá sí Calgary ní Kánádà. Màmá mi tètè rí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí tíṣà kò tíì jẹ́ nǹkan kan lójú àwọn tó ń gbani síṣẹ́ níbí, ló bá gba èyí tó rí. Ilé iṣẹ́ kan tó ń wádìí èrò àwọn èèyàn fún un ní kọ̀ǹpútà àti headset, wọ́n ní kó máa pe àwọn ará Amẹ́ríkà láti ilé, kó máa bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Ṣé àwọn kan wà tí wọ́n fara pamọ́, tí wọ́n ń darí gbogbo ayé? Ṣé ìjọba ń da nǹkan sínú omi tẹ́ ẹ̀ ń mu? Ṣé ayé yìí tẹ́ pẹrẹsẹ? Ṣé Jésù á padà wá kẹ́ ẹ tó kú?

Òfin iṣẹ́ náà le. Kò gbọdọ̀ gbè wọ́n lẹ́sẹ̀, kò gbọdọ̀ já wọn nírọ́, kò sì gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Bí ẹni náà bá sọ̀rọ̀ gùn, kó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kó kà á padà fún un, kó bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ló wí. Ibẹ̀ lèmi ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Mo máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn, lẹ́yìn aṣọ ìbora tí bàbá mi gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà kí ariwo má baà wọlé, gbogbo ohun tó bá sì kà padà ló ń wọ̀ mí létí. Ẹ wo tíṣà Geography, tó ti fi ọsàn àti àbẹ́là kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ayé rí róbótó, tó wá jókòó tó ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ kà á padà pé: "So the earth is flat, sir, and the edge is ice. Did I get that right?" Bó bá wá gòkè wá jẹun, á dákẹ́ lórí àwo rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bú tí wọn ò jẹ́ kó fèsì.

Màmá mi máa ń káàánú rẹ̀. Èmi ò káàánú ẹnì kankan, owú ló ń jẹ mí. Bàbá mi kì í ráyè ọ̀rọ̀ gígùn lẹ́nu tèmi. Bí mo bá ti school dé, tí mo ní "Daddy, ẹ gbọ́ o," ọwọ́ rẹ̀ á ti gòkè. "Ṣókí, Àṣàkẹ́. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n." Òwe yẹn ni mo fi jẹun àárọ̀, òun ni mo fi jẹ talẹ́. Àmọ́ kí ọkùnrin kan tí kò rí rí ní Idaho sọ fún un pé alángbá làwọn olóyè ayé, pé awọ èèyàn ni wọ́n gbé wọ̀, bàbá mi á ní, "Take your time, sir." Take your time! Tèmi kò ní alángbá nínú, ìdí nìyẹn tí kò fi tó gbọ́.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, wọ́n yàn mí ní school láti sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo ọmọ ilé-ìwé nípa ibi tí ìdílé wa ti wá. Mo fi Ìwó sí i, mo fi Odò Ọ̀ṣun sí i, mo fi bàbá mi àti pátákó ìkọ̀wé rẹ̀ sí i. Mo há a sórí láìsí àṣìṣe. Màmá mi bẹ̀ mí kí n sọ ọ́ fún òun, mo kọ̀, bàbá mi ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìyẹn ló gbé mi dé orí àtẹ̀gùn ní Sátidé kan, mo dúró kó sinmi díẹ̀ láàárín iṣẹ́.

Ìyá àgbàlagbà kan ní Arkansas ló wà lórí fóònù. Kò sí èyí tí ìyá yẹn kò gbà gbọ́. Ó gba ti omi, ó gba ti àwọn tó fara pamọ́, ó ní òun ti rí àmì lójú sánmà lẹ́yìn ilé òun. Ó ní Jésù máa dé kí wọ́n tó kórè àlìkámà, àpò òun sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi ń kà á padà, ìyá ń fi kún un, bàbá mi tún ń kà á padà. Orí àtẹ̀gùn tutù, ìdí ń dùn mí, mò ń ka ọ̀rọ̀ mi sínú kí n má baà gbàgbé. Nígbà tó yá, bàbá mi dákẹ́, mo ní ó ti parí nìyẹn. Ni mo bá gbọ́ tó ní, "Àmín." Ó tún ní, "Àmín, mà. Amen."

Ọ̀gá wọn máa ń yọ́ wọ orí ìlà fóònù láti gbọ́ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kí bàbá mi tó kírun ọ̀sán ni ó ti pè é. Ó ní bàbá mi ti gbe ìyá náà lẹ́sẹ̀, gbogbo ìdáhùn ìyá ti dòfo, àti pé bó bá tún ṣẹlẹ̀, kó dá headset padà.

Màmá mi fẹ̀yìn ti fíríìjì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá Àṣàkẹ́! Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ̀yin lẹ ṣe àmín sí rapture?"

"Ó bi mí bóyá mo lọ́mọ, mo ní mo lóbìnrin kan. Ló bá ní kí Ọlọ́run dá ọmọ mi sí lọ́jọ́ náà. Àgbàlagbà ń ṣàdúrà fọ́mọ mi, kí n wá máa gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ rédíò? Ta ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀?"

"Ṣebí wọ́n ní kẹ́ ẹ má react."

"Mo mọ̀. Ẹnu mi ló yá ju òfin lọ."

Màmá mi nu ojú rẹ̀, ó bu oúnjẹ fún un. Ìyá Arkansas mọ̀ pé mo wà láyé! Bàbá mi ráyè sọ̀rọ̀ mi fún un, kò ráyè gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ì bá ṣe pé owú ń pa èèyàn lórí fóònù ni, wọn ì bá ti sin ìyá náà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lẹ́yìn oúnjẹ, mo tẹ̀ lé e sọ̀kalẹ̀. Mo ní, "Daddy, ẹ bi mí náà."

Ó wò mí, ó wo aago ara ògiri. Ó ṣáà mú ìwé ìbéèrè náà, ó sì fi ohùn iṣẹ́ bi mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sí ti omi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sí àwọn tó fara pamọ́. Nígbà tó kan ayé pẹrẹsẹ, mo ní, "Yes. Strongly," mo sì gbójú sókè.

Ó gbé ìwé náà sílẹ̀. "Àṣàkẹ́, èmi fúnra mi ni mo kọ́ ẹ. Kí ló dé?"

"Àwọn tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni lẹ máa ń gbọ́ tiwọn."

Ó ní, "Àwọn tó ń ní rárá pọ̀ ju ìyẹn lọ, ọmọ mi. Rárá, rárá, rárá, ó ti tán, wọ́n ti gbé fóònù sílẹ̀. Ìwọ ò lè mọ̀ wọ́n, wọn kì í pẹ́. Àwọn tó ń pẹ́ lò ń gbọ́ láti orí àtẹ̀gùn, lo bá rò pé gbogbo Amẹ́ríkà nìyẹn. Ṣé màmá ẹ ń jẹ́ ká súfèé lálẹ́ nínú ilé yìí? Ẹnikẹ́ni ò ṣáà tíì pè é láti bi í." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àwọn mìíràn nínú wọn, láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó bá wọn sọ̀rọ̀ àfi èmi."

Ó wá yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. "Ó yá, kí ni wọ́n ní kó o sọ ní school?"

Mo dìde dúró bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Odò Ọ̀ṣun ni kọ̀ǹpútà dún, àkókò iṣẹ́ ti tó. Ó na ọwọ́ sí headset, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí. "Ṣókí, Àṣàkẹ́," ó ní. "Jọ̀ọ́." Mo fo gbogbo ibi tí mo ti dárúkọ rẹ̀, mo sọ ìlà tó kẹ́yìn, mo gòkè lọ.

Ilé oògùn kan ní Okotoks ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Bí a bá ń jẹun ọ̀sán, tí ìròyìn Amẹ́ríkà bá jáde lórí fóònù ẹnì kan, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ á máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní báwo ni irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ṣe lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé mi ò mọ iye wọn, pé àwọn tí kò gbà á gbọ́ kì í pẹ́ lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ohun tí mi ò sọ ni pé mi ò lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹni tí mo ti jowú rẹ̀ láti kékeré, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì, òun àti màmá mi ń gbé ní Chestermere, a sì máa ń lọ kí wọn ní Sunday. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sáré wọlé tòun ti snow lẹ́sẹ̀, nítorí wọ́n ti fi mí ṣe olórí ilé oògùn wa, ẹnu mi sì ń yún mi. Bàbá mi wà lójú fèrèsé tó kọjú sí adágún omi, Ẹniọlá ọmọ mi ti ṣíwájú mi wọlé, ó ti dúró láàárín orúnkún rẹ̀. Ó ń sọ fún un pé, "Grandpa, there's a door under the ice, and the fish have a president." Bàbá mi tẹ etí sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń bi í ohun tí ààrẹ ẹja máa ń jẹ.

"Daddy, ẹ kúulé o. Daddy, ẹ gbọ́—"

"Dúró ná, Àṣàkẹ́," ó ní, kò tilẹ̀ yíjú. "Jẹ́ kọ́mọ parí ọ̀rọ̀ ẹ̀."

Mo dúró. Ọ̀rọ̀ náà gùn. Èmi abilékọ, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mò ń jowú ọmọ tí mo fi inú ara mi bí.