Àjọ Orin Tí Ẹnì Kan Ṣoṣo Ń Kó

Fóònù bíi mẹ́fà ló máa ń kọrin lẹ́ẹ̀kan náà nínú yàrá wa ní Al Taawun, ní Sharjah nílẹ̀ Emirates, nígbà yẹn, kò sì sí ẹni tó ń gbọ́ wọn. Wọ́n á dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì bí aláìsàn, wáyà ṣájà á wà lára wọn, ohùn obìnrin kan náà á sì máa jáde lẹ́nu gbogbo wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí ọ̀kan á ti máa parí orin nígbà tí èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àwa tá a ni wọ́n ti lọ síbi iṣẹ́. Ará Íńdíà tó ń gbé yàrá kejì bi mí lọ́jọ́ kan bóyá àdúrà ni. Mo ní rárá, àjọ ni.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe sìkiọ́rítì ní Dubai ló dá àjọ náà sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ ni tirẹ̀, èmi wà lókè. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo, kì í yáwó lọ́wọ́ ẹni, kì í sì í tọrọ iyọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ fura sí i. Lọ́jọ́ Ẹtì kan tí gbogbo wa wà nílé, ó ní ọmọ òun obìnrin ń kọrin ní Amẹ́ríkà, pé àwo orin rẹ̀ tuntun ti jáde, òun sì fẹ́ kó dé ipò kìíní níbẹ̀. Láyé bàbá tèmi, àwo jẹ́ ohun tí èèyàn ń fi owó rà, tó ń gbé wálé nínú páálí, tí kò sì ní jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kàn. Ẹ̀gbọ́n ṣàlàyé pé ayé ti kọjá ibẹ̀. Bí èèyàn bá ti gbọ́ orin lórí fóònù ní iye ìgbà kan, àwọn ará Amẹ́ríkà á kà á sí pé wọ́n ti ta àwo. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká dá etí jọ bí a ṣe ń dá owó jọ. Kí kálukú fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ fún orin náà nígbà tí kò bá lò ó, pàápàá àwọn fóònù àtijọ́ tí a kò tíì rí ẹni gbé fún nílé.

Kúùkù hòtẹ́ẹ̀lì tó wà láàárín wa ló béèrè ohun tó yẹ ká béèrè.

“Ẹ̀gbọ́n, gbogbo àjọ ló ní ọjọ́ kíkó. Ìgbà wo ló máa kan èmi?”

“Ìgbà tí ọmọ tìẹ náà bá gbé àwo jáde.”

“Ha! Mi ò tíì níyàwó, ẹ̀gbọ́n!”

“Yalla, tètè wá nǹkan ṣe sí i.”

A rẹ́rìn-ín, a sì dá àjọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tèmi kò dénú. Mo ti kàwé ní yunifásítì, ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ni mo sì kà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń ta bàtà ní Mirdif. Wọ́n kọ́ mi dáadáa pé àjọ tí ẹnì kan ṣoṣo ń kó, orúkọ mìíràn ló ní. Ṣé ẹni tó ń jẹ ẹja inú agolo nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi ló máa bí olórin Amẹ́ríkà? Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Mo pinnu pé èmi gan-an ni màá jẹ́ òtítọ́ náà.

Mo bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa ọmọbìnrin náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo kà. Wọ́n ní Houston ló dàgbà sí, pé ìyá rẹ̀ nìkan ló tọ́ ọ, pé ó fẹ́ràn ológbò. Wọ́n tiẹ̀ dárúkọ ológbò náà. Bàbá kò sí níbẹ̀ rárá.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni mo wí, “mo wá yín títí, mi ò rí yín o.”

Ó ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, kò gbójú sókè. “Ó ti pẹ́ tí èmi náà ti ń wá ara mi níbẹ̀.”

Ó wá sọ fún mi pé òun àti ìyá ọmọ náà jà, pé ìyá gbé ọmọ lọ nígbà tó ṣì kéré, wọ́n pààrọ̀ nọ́ńbà, Amẹ́ríkà kò sì fún òun ní fisa. “Ẹni tó bá wà nípò kìíní, wọ́n á bi í pé ọmọ ta ni. Bí wọ́n bá bi í, á wá mi.” Ohùn rẹ̀ mì díẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Mo kíyè sí i pé ó mọ ohùn-ún mì.

Àjọ náà gbilẹ̀. Ó ti ọwọ́ àwọn sìkiọ́rítì bọ́ sọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ó dé Discovery Gardens, ó dé ibi tí a kò mọ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí a bá yẹ àwọn àwo tó ń tà jù ní Amẹ́ríkà wò, ọmọ wa kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n á fi àtàǹpàkò yí fóònù lọ sísàlẹ̀, sísàlẹ̀, títí ìsàlẹ̀ á fi tán.

Èmi ni mo rí ìdí rẹ̀, ìwúlò kan ṣoṣo tí ìwé ẹ̀rí mi ní lọ́dún yẹn. Ibi tí èèyàn bá ti gbọ́ orin ni wọ́n ti ń kà á. Orin tí a ń gbọ́ ní Sharjah, Emirates ni wọ́n ń kà á sí. Ó ti mọ́ wa lára láti máa ṣiṣẹ́ níhìn-ín kí èrè rẹ̀ máa hàn nílé, a sì rò pé etí náà ṣeé fi ránṣẹ́ bí owó. A wá ṣí ojú ìwé ti Emirates. Ọmọ náà ló wà lókè pátápátá, àwọn ìlú-mọ̀-ọ́n-ká olórin Amẹ́ríkà tò sẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni ń dúró de bọ́ọ̀sì.

Ìgbà yẹn ni a mọ iye ọ̀mọ̀wé tó wà láàárín wa. Ọ̀gá oníbánkì kan ní Discovery Gardens ní òun ti rí ọmọ náà tipẹ́, pé jìtá rẹ̀ ni kò yé àwọn èèyàn lásán. Àwọn onímọ̀ kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé ọ̀dọ́ Emirates ti ní ìfẹ́ tuntun. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ pé àwọn fóònù tí ojú wọn ti fọ́ ní Al Taawun ló ní ìfẹ́ náà.

Àwọn tó ń ṣètò iṣẹ́ fún ọmọ náà gba ipò kìíní náà gbọ́, wọ́n kéde pé ó ń bọ̀ wá kọrin ní Dubai. Mo ní khalas, ó ti parí, ọwọ́ ti tẹ ẹ̀gbọ́n, tíkẹ́ẹ̀tì ni yóò máa tà fún wa báyìí. Kò tà á. Ó ra tirẹ̀, ìjókòó ẹ̀yìn, kò sì dá sí ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ náà, àwọn ìjókòó olówó ńlá níwájú ṣófo, àwa sì kún ẹ̀yìn dẹ́nu. Nígbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ orin, gbogbo wa bá a kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, títí kan kúùkù tó ti búra pé òun kì í gbọ́ ọ. Ọmọ náà wo àga òfìfo, ó wo wa, ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì béèrè pé ta ni wá.

“Àjọ!” ni kúùkù ké láti ẹ̀yìn.

Lẹ́yìn eré, àwọn èèyàn tò síwájú rẹ̀ kó lè bá wọn fọwọ́ sí ìwé. Mo dúró sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n, tó ti ibi iṣẹ́ wá tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ibi tí irọ́ ń parí sí. Ọmọ náà bi í pé orúkọ ta ni kí òun kọ. Ẹ̀gbọ́n ní, “Kọ ọ́ fún bàbá rẹ.”

Ojú ọmọ náà kò yí padà. Ojú tí mo máa ń fi wo ẹni tó bá ti wọ gbogbo bàtà wò tí kò ra ọ̀kan ló fi wò ó. Ó ní ẹ má bínú, sà, ẹ̀yin kọ́ ni bàbá àkọ́kọ́. Láti ìgbà tí àwo òun ti jáde, ìlú tí òun bá dé ni bàbá ti ń jáde. Inú mi dùn. Mo ti rí ẹni tó gbọ́n bíi tèmi.

Ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa, di ẹ̀gbọ́n ní ìgúnpá mú. “Oga, abeg, shift.”

Ọmọ náà gbọ́wọ́ sókè. “Dúró ná,” ló wí fún ẹ̀ṣọ́, ó wá kọjú sí ẹ̀gbọ́n. “Kí ni mo máa ń bẹ̀rù nígbà tí mo kéré?”

Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ méjèèjì díẹ̀díẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó ní etí. “Jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì,” ló wí, ó ń bá ẹni tó ti dí létí sọ̀rọ̀. “Bí wọ́n bá ti fẹ́ tàn án, báyìí ni. Ìyá ẹ ní mò ń sọ ẹ́ di ojo.”

Bí ó bá tiẹ̀ gbọ́ ọ, mi ò mọ̀ bóyá Yorùbá rẹ̀ gbé e. Ṣùgbọ́n ó dijú, kò sì yọ ọwọ́ náà kúrò. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé yalla, yalla. Ẹ̀ṣọ́ yẹn ló yíjú padà tó ní kí wọ́n panu mọ́.

Mo ti kúrò ní Al Taawun báyìí. Àwo náà kò dé ibì kankan ní Amẹ́ríkà, fisa ẹ̀gbọ́n kò sì tíì jáde, ṣùgbọ́n òun àti ọmọ rẹ̀ ń pe ara wọn lórí fóònù, mo sì gbọ́ pé ìyá náà ti ń kí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ṣì ń fura sí èèyàn. Iṣẹ́ tí mo kọ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá ti sọ lórí rédíò pé àwo kan ti gba ipò kìíní, mo máa ń dín ohùn rẹ̀ kù, mo máa ń bi ara mi pé bàbá ta ló wà nídìí ẹ̀.