Háàdì díìsìkì tí mo fẹ́ rà bí ẹni ra gàrí

Díẹ̀ ló kù kí n fi ọwọ́ ara mi pàdánù ohùn màmá mi lónìí.

Láptọ́ọ̀pù ọkọ mi ti kún. Wọ́n ní tí a kò bá rí háàdì díìsìkì tó gba nǹkan púpọ̀, àwọn á pa fídíò ìgbéyàwó wa rẹ́ kí iṣẹ́ àwọn lè ráyè. Inú fídíò yẹn ni màmá mi ti wúre fún mi, wọn kò sì sí láyé mọ́.

Wọ́n rán mi sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Alakahia. Èmi mọ̀ pé kóńgò tó tóbi ló ń gba gàrí jù, ni mo bá nawọ́ sí èyí tó tóbi jù.

Ọkùnrin tó ń tà á rẹ́rìn-ín. "Madam, no be garri o. Dis big one no go enter laptop. Na dis small one carry pass."

Mo gba kékeré náà, ṣùgbọ́n mo ń yí i wò lọ́wọ́ títí mo fi dé ilé wa ní Eneka, bóyá yóò gba nǹkan lóòótọ́.

Ọkọ mi fi í sínú láptọ́ọ̀pù. Gbogbo ẹrù inú háàdì díìsìkì àtijọ́ wọ inú rẹ̀, àyè ṣì kù rẹpẹtẹ. Wọ́n tan fídíò náà, mo sì gbọ́ màmá mi: "Àbẹ̀kẹ́, ilé ọkọ á tù ọ́ lára."

Ọkọ mi ní, "Ìyàwó, o mà mọ ọjà rà."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn pé ọlọ́jà ló bá mi yàn án o. Ta ni irú ẹ̀ ti ṣe rí nínú yín?