Iyùn Inú Bọ́kẹ́ẹ̀tì Kozue

Láti ọjọ́ tí Kozue ti ti ìlú ńlá wá fẹ́ ọmọ Makato ní abúlé etíkun wọn ní Okinawa ni Makato kò ti fọkàn tán an. Ó ní ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín tó báyẹn, nǹkan kan wà tó ń fi ẹ̀rín bò. Nígbà tí iyùn inú òkun, èyí tó ń hù bí igi lára àpáta, wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ níwájú abúlé, ta ló tún kù tí ìyá ọkọ ì bá fura sí? Òfin abúlé sì le: ẹni tó bá ṣẹ́ iyùn tó ṣì wà láàyè kò ní fi ẹsẹ̀ kan omi wọn mọ́ títí ọdún yóò fi yí po.

Kozue kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ tán kó tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì jáde, tòun ti òwú ọ̀rá lápò.

"Mo fẹ́ lọ na ẹsẹ̀ ni, Màmá."

Ta ló ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ na ẹsẹ̀?

Ó di ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, ọjọ́ tí àwọn obìnrin máa ń lọ fi omi òkun ṣan ẹsẹ̀ kí ibi lè bá omi lọ. Makato ní orúnkún ń dun òun. Bí Kozue àti àwọn yòókù ṣe lọ tán báyìí, ẹ̀yìn ilé ló gbà lọ, ó sì ṣí bọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Iyùn ẹlẹ́ka ló wà nínú omi òkun níbẹ̀. Ó mú ọ̀kan. Ojú ihò ńlá kan wà ní ṣóńṣó ẹ̀ka náà, àwọn kéékèèké sì yí ara rẹ̀ ká. Kò sí iyùn mìíràn tó rí bẹ́ẹ̀. Awọ ara rẹ̀ ṣì ń yọ̀. Kì í ṣe òkú iyùn funfun tí ìgbì ń dà sílẹ̀, tí wọ́n fi ń tẹ́ àgbàlá.

Inú Makato dùn. Ká má parọ́, inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó na ọrùn sókè ògiri, ó ké sí Maedomari, olórí àwọn apẹja, tí ilé wọn jọ kángun síra.

"Bàbá, ẹ wá wo olè tí mò ń bá gbélé."

"Makato, ṣé ìyàwó tún se ọbẹ̀ tí ò níyọ̀ ni?"

"Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ṣáà máa bọ̀."

"Ẹ jẹ́ n wá bàtà mi."

Ibi tí Maedomari ti ń wá bàtà ni Kozue wọlé, ó padà wá mú àkàrà ìrẹsì tó gbàgbé, èyí tí wọ́n fẹ́ jẹ létí omi. Ó rí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ojú rẹ̀ yí padà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò ó."

"Kí n bo kí ni? Maedomari ń bọ̀. Ìwọ lo máa ṣàlàyé ara ẹ."

"Ẹ wo ìdí ẹ̀, Màmá. Ibi tó ti ṣẹ́."

Makato yí i. Ipa irin méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan jìn, èkejì ò jìn. Irin kan ṣoṣo ló ń fa irú ipa bẹ́ẹ̀ lábúlé náà: irin tí olóògbé ọkọ rẹ̀ rọ fún un, tó la ẹnu rẹ̀ sí méjì, ọ̀kan gùn ju èkejì, èyí tó fi ń tú ihò àpáta láti fi mú ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ láti ìgbà èwe rẹ̀ nílé ọkọ. Òkúta ló rò pé òun ń ṣí kúrò lọ́nà.

"Tẹ́ ẹ bá lọ sókun lónìí, èmi á lọ ṣa àwọn tó ṣẹ́ lọ́la," Kozue sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Tí mo bá fi òwú so ó padà mọ́ àpáta, òmíràn máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, a sì tún hù. Ẹ ò ríran dáadáa nínú omi mọ́, Màmá. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lé yín kúrò nínú òkun."

Ojú ti Makato débi pé kò lè wo ọmọbìnrin náà.

Maedomari yọ lẹ́nu ọ̀nà. "Olè ọ̀hún dà?"

"Èmi ni, Bàbá," ni Kozue wí.

Makato lọ sí ara ògiri, ó yọ irin rẹ̀ níbi tó fi kọ́. Ó dì í mú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kó irin àti iyùn lé Maedomari lọ́wọ́.

"Ẹ fi wọ́n wé ara wọn, Bàbá," ó ní. "Irọ́ ni ọmọ mi ń pa."