Obìnrin Tó Fi Ọjọ́ Méjìdínlógún Kó Òkú Pẹ́pẹ́yẹ

Ọdún mọ́kànlélógún ni obìnrin tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìyá Ìbejì fi ṣiṣẹ́ nídìí àwọn adágún tí omi ìdọ̀tí ìlú máa ń sinmi sí kó tó ṣàn lọ sínú odò. Òun kọ́ ló yan iṣẹ́ náà. Agbálẹ̀ ni ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń mójú tó omi náà tẹ́lẹ̀, ó sì mọ iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbá dunjú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ó sọ fún ọ̀gá tó wà níbẹ̀ nígbà yẹn pé kó yé fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ tẹ ilẹ̀ tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ nù tán. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi gbé lẹ́tà lé e lọ́wọ́ pé adágún ni kó máa lọ. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a padà, ó ní, "Ẹnu rẹ ló gbé ọ débẹ̀, ṣùgbọ́n imú rẹ ni yóò jìyà ẹ̀."

Adágún mẹ́ta ni, ọ̀kan ga ju èkejì lọ, tí omi ń ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Asẹ́ onírin ńlá kan wà ní ẹnu àkọ́kọ́. Láràárọ̀ ni Ìyá Ìbejì máa ń wọ bàtà òjò, tí yóò fi réèkì fa ọ̀rá, ewé, àkísà àti oríṣiríṣi ohun tí aráyé ń jù sínú omi kúrò lẹ́nu asẹ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò wo igi tí wọ́n fi ń wọn omi, tí yóò kọ gíga omi sínú ìwé. Ó tún máa ń ṣí àwọn ìlẹ̀kùn irin tó wà láàárín adágún, ó sì máa ń tì wọ́n. Yàrá ẹ̀rọ ni yàrá rẹ̀: àga kan, ìṣó kan tó ń fi báàgì kọ́, fèrèsé kan tí kò ní gíláàsì.

Ní oṣù kẹwàá ọdún tó kọ́kọ́ débẹ̀, ó dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá adágún kejì tó kún fún pẹ́pẹ́yẹ kéékèèké. Ó rò pé ẹran ọ̀sìn ẹnì kan ló já. Ó pàtẹ́wọ́ kó lè lé wọn padà sílé. Gbogbo wọn gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn kò sáré lórí omi kí wọ́n tó fò. Ṣe ni wọ́n ta sókè ṣánṣán bí ẹni pé nǹkan gbún wọn nídìí. Ìyá Ìbejì dúró, réèkì lọ́wọ́, ẹnu yà á.

Dókítà ẹranko kan, obìnrin, tó máa ń wá ka iye ẹyẹ orí omi ní oṣù kìn-ín-ní ọdọọdún, ló là á lóye. Ó ní àlejò ni wọ́n. Ibi tí yìnyín ti ń bo omi ni wọ́n ti ń wá, nítorí pé bí omi bá ti di dídì, kò sóhun tí ẹnu wọn lè rí jẹ. Wọn kì í mòòkùn wá oúnjẹ. Ojú omi ni wọ́n ń fi àgógó sẹ́, bí ẹni ń sẹ́ ògì. Òru ni wọ́n ń fi rìn. Ọmọ tí wọ́n bá pa ní oṣù kẹfà, kó tó di oṣù kẹwàá, ó ti fò kọjá òkè àti aṣálẹ̀, láìsí ẹni tó fi ọ̀nà hàn án.

"Ìyá wọn nìkan ló ń sàba lé ẹyin, nínú koríko, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ni dókítà wí.

"Bàbá wọn ńkọ́?"

"Àwọn akọ á ti lọ. Wọ́n á lọ fara pamọ́ sínú èèsún, gbogbo ìyẹ́ apá wọn á rẹ̀ dànù lẹ́ẹ̀kan. Wọn ò ní lè fò fún nǹkan bí oṣù kan."

Ìyá Ìbejì rò ó díẹ̀. Ó ní, "Ó kúkú yẹ wọ́n."

Nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ dé, akọ àti abo ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, gbogbo wọn rí ràkọ̀ràkọ̀ bí ewé gbígbẹ. Tó bá di oṣù kejì ọdún, ìlà funfun á yọ lókè ojú akọ, á tẹ̀ wálẹ̀ títí dé ẹ̀yìn ọrùn, bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun fà á. Wọ́n á wá máa dún kẹrẹrẹ, bí ìgbà tí èèyàn bá fi èékánná ha eyín òòyà. Tó bá di oṣù kẹta, wọ́n á lọ.

Láti ọdún kejì ni Ìyá Ìbejì ti ń kọ iye wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíga omi. Kò sẹ́ni tó rán an. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Bí ẹ bá sì bi mí, n ó ní kò sẹ́ni tó ka ìwé náà rí.

Ẹ má rò pé ìfẹ́ ẹyẹ ló ń mú un jí láràárọ̀ o. Ọkọ̀ méjì ló ń wọ̀ kó tó débẹ̀, orúnkún sì ti ń yọ ọ́ lẹ́nu tipẹ́. Nígbà tó di ọdún kọkàndínlógún nídìí iṣẹ́ náà, ọkọ rẹ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù, egungun ìbàdí rẹ̀ sì dá. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wá sílé, sínú yàrá tí wọ́n ń sùn, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ sí aláfọwọ́yí torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́. Àwọn ìbejì ti lọ sílé ọkọ, ọ̀nà wọn sì jìn. Ìyá Ìbejì ló ń wẹ ọkọ rẹ̀ kó tó jáde, òun náà ló ń yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó bá dé. Ó sọ fún mi pé lọ́dún yẹn, òun kì í sùn. Òun kàn máa ń pa ojú dé ni.

Ọdún yẹn gan-an ni òjò tètè dá. Oòrùn mú kọjá àlà. Ìlẹ̀kùn irin tó wà láàárín adágún kìn-ín-ní àti èkejì dógùn-ún, kò ṣí mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ìyá Ìbejì ti fi sùn ní ọ́fíìsì. Omi adágún kejì fà, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó yí padà di bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò dúdú. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ dé lásìkò wọn, nǹkan bí ẹgbẹ̀wá, wọ́n sì bà síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ó bá méje tó ti kú. Lọ́jọ́ kejì, mẹ́tàlélógún. Ọ̀kan ń fi ìyẹ́ wọ́lẹ̀ létí omi, kò lè gbé orí dúró. Ojú ẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wò ó, ṣùgbọ́n ọrùn ò gbà fún un. Kí Ìyá Ìbejì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, orí ti tẹ̀ sínú omi, ó sì kú síbẹ̀, nínú omi tí kò jìn tó ìka.

Ó lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ lásìkò yìí kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó sì máa ń bọ̀wọ̀ fún un lẹ́nu.

"Ọ̀gá, ẹyẹ ń kú ní adágún kejì."

"Ẹyẹ ò sí lára iṣẹ́ wa, Ìyá. Omi ni wọ́n gbà wá fún. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á jẹrà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ síta, kí aráàlú má lọ sọ pé májèlé la ń tú sódò."

"Ìlẹ̀kùn omi yẹn ńkọ́?"

"Mo ti kọ̀wé nípa ẹ̀."

"Láti oṣù keje lẹ ti kọ̀wé, ọ̀gá."

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í wo bébà tó wà níwájú ẹ̀, ó ń wò ó títí Ìyá Ìbejì fi jáde.

Ó pe dókítà ẹranko lórí fóònù. Ọ̀nà jíjìn ni dókítà wà, níbi tí àìsàn ti wọ agbo màlúù.

"Ṣé ọrùn wọn rọ̀, mà?"

"Ó rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀."

"Ìdin wà lára àwọn tó ti kú?"

"Ó ń hó yàà."

"Ìdin yẹn ló léwu jù." Dókítà wá ṣàlàyé fún un pé nínú ẹrẹ̀ tó gbóná tí atẹ́gùn ò dé, májèlé kan máa ń hù níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ tó bá jẹ ẹ́ á kú. Eṣinṣin á yé sára òkú, ìdin á jẹ májèlé náà, kò ní ṣe ìdin ní nǹkan kan. Pẹ́pẹ́yẹ mìíràn á wá ṣa ìdin mẹ́ta mẹ́rin jẹ, ó parí. "Òkú kan á fa mẹ́wàá. Ẹ máa kó wọn kúrò lójoojúmọ́, kí ìdin tó ráyè. Ẹ sun wọ́n. Ẹ fi nǹkan bọ ọwọ́. Kí omi tuntun sì wọ adágún yẹn, lọ́nàkọnà."

"Èmi nìkan?"

"Ó máa tó ọjọ́ mẹ́wàá kí n tó lè débẹ̀, mà."

Nígbà tí Ìyá Ìbejì délé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò lè bọ́ bàtà. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọkọ rẹ̀.

"Fi wọ́n sílẹ̀, Ìyá Ìbejì," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ṣé ìwọ lo dá wọn ni? Ó ti rẹ̀ ọ́ jù."

"Ó ti rẹ̀ mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi wọ́n sílẹ̀, èmi náà ni mo máa máa wò wọ́n, Bàbá Ìbejì. Kò sí nǹkan mìíràn tí èèyàn ń wò níbẹ̀."

Baba náà béèrè pé, "Kí lo fi ń kó wọn?"

"Réèkì."

"Réèkì á máa ya wọ́n. Bá mi mú àwọ̀n ẹ̀fọn àtijọ́ yẹn wá."

Ó fi ọwọ́ kan yí ẹ̀rọ, ó fi èkejì darí àwọ̀n, ó rán àpò àwọ̀n jíjìn kan tí wọ́n lè so mọ́ orí igi gígùn. Ó rán an ní ìpele méjì, ó ṣẹ́ etí rẹ̀ dáadáa bí ẹni ń rán agbádá.

Bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn tó bá ti kó ìdọ̀tí kúrò lẹ́nu asẹ́, Ìyá Ìbejì á wọnú ẹrẹ̀ tó dé orúnkún, á máa fi àwọ̀n kó òkú sínú bárò, á tì í dé ibi ògbólógbòó dùrọ́ọ̀mù kan, á fi èèsún gbígbẹ sun wọ́n. Ní ọjọ́ karùn-ún, mọ́kànlélọ́gọ́ta ló kó. Ní ọjọ́ keje, ó lé ní àádọ́rùn-ún. Òórùn rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èrò inú ọkọ̀ fi ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní òun dúpẹ́, torí òun rí àyè na ẹsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sùn lọ, tí ọkọ̀ gbé e kọjá ibi tó ti yẹ kó sọ̀.

Àwọn tí kò tíì kú, ó ń kó wọn sínú páálí ní yàrá ẹ̀rọ. Dókítà ti ní bí wọ́n bá rí ibòji àti omi tó mọ́, tí orí wọn ò sì rì, wọ́n lè yè. Ó ń fi ìgò oògùn ọmọdé kán omi sí wọn lọ́nà ọ̀fun. Ṣùgbọ́n orí wọn ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáá. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ gbọ́, ó kó àjákù aṣọ jọ, ó rán òṣùká kéékèèké mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí kò ju ife lọ, kí pẹ́pẹ́yẹ kọ̀ọ̀kan lè fi àgbọ̀n lé e.

"Mo ti rán ṣòkòtò fún ìjòyè rí," ni baba náà wí. "N kò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹyẹ ni n ó parí ẹ̀ sí."

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó gbé abo kan tó ti kú, ó rí òrùka irin lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà sí. Ó bọ́ ọ, ó fi sápò. Dókítà dé lọ́jọ́ kẹwàá, ojú rẹ̀ pọ́n fún àìsùn, ó gba òrùka náà, ó wọ bàtà, ó sì wọnú ẹrẹ̀ láìjókòó.

Lọ́jọ́ kọkànlá, Ìyá Ìbejì lọ bẹ wẹ́dà kan tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Wẹ́dà gbé iná wá, ó gé ìdè tó ti dógùn-ún, òun, dókítà àti Ìyá Ìbejì sì fi igi kan gbé ìlẹ̀kùn náà títí ó fi ṣí. Omi tuntun ya wọlé. Ní ọjọ́ tó tẹ̀lé e, lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì, wọ́n ní kó ṣàlàyé ìdí tó fi ba ohun èlò ìjọba jẹ́. Ó kọ èsì sísàlẹ̀ lẹ́tà náà: "Kò ṣí. Mo ṣí i." Wọn kò tún kọ̀wé sí i mọ́.

Ikú náà kò dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó dín kù díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kejìdínlógún, ó yí adágún ká lẹ́ẹ̀mejì, kò rí òkú kankan. Ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́rìnlá ló ti sun. Nínú mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó wà nínú páálí, mọ́kàndínlógún ló fò lọ. Ó gbàyè ọ̀sẹ̀ kan nílé, ó sì fi ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ sùn.

Oṣù kejì ọdún ni èsì nọ́ńbà òrùka náà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi òrùka sàmì sí ẹyẹ. Dókítà fúnra rẹ̀ ló wá kà á fún un ní yàrá ẹ̀rọ. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni wọ́n ti fi òrùka náà sí abo yẹn lẹ́sẹ̀, nínú irà kan níbi tí yìnyín ti ń já bọ́. Ó sì ti dàgbà nígbà náà.

"Ó ti ń lọ, ó ti ń bọ̀, ó kéré tán, fún ọdún mọ́kànlá, mà."

Ìyá Ìbejì wo ilẹ̀. Ó ní, "Èmi náà ti wà níbí láti ìgbà yẹn. N kò dá a mọ̀." Ó dìde, ó lọ wo asẹ́.

Ní oṣù kẹwàá tó tẹ̀lé e, àwọn tó dé kò tó ẹgbẹ̀rún. Ó kọ iye wọn sílẹ̀. Ó ṣe ọdún méjì sí i kó tó fẹ̀yìn tì. Wọn kò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń sọ yìí.

Ọkọ rẹ̀ ti ń fi ọ̀pá rìn. Lẹ́yìn tí Ìyá Ìbejì fẹ̀yìn tì, baba náà ní òun fẹ́ fojú ara òun rí àwọn ẹyẹ náà. Wọ́n lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Aṣọ́nà ibẹ̀ dá Ìyá Ìbejì mọ̀, ó ṣílẹ̀kùn. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ẹ̀rọ. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ wà lórí omi, wọ́n ki àgógó sábẹ́ ìyẹ́, wọ́n ń sùn.

Baba náà wò wọ́n dáadáa.

"Wọn ò mà tóbi," ló wí. "Àwọn yìí lo torí ẹ̀ fẹ́ẹ́ kú?"

Ó dúró kí ìyàwó rẹ̀ dáhùn. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan, ó yíjú padà. Ìyá Ìbejì ti fẹ̀yìn ti ògiri, ó ti sùn lọ. Baba náà bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi ṣíji bò ó lójú nítorí oòrùn, ó sì ń bá a wo omi náà lọ.