Àǹtí Onítàn àti Ìwé Tó Dorí Kodò

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, ìwé ló ń fi abẹ́rẹ́ rán pọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi rán ìwé nílé ìtẹ̀wé tá a ti ń ṣiṣẹ́. Àǹtí Onítàn la máa ń pè é. Èmi, ìwé mẹ́rin ni mo kà mọ nílé ìwé, bébà ni mo ń ká kí wọ́n tó rán an. Àmọ́ èmi náà ni mo ń kọ iye ìwé tó bàjẹ́ lóòjọ́ sílẹ̀, àti orúkọ ẹni tó bà á jẹ́. Ìyẹn ni Àǹtí ṣe ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, tó ń pè mí ní Akọ̀wé.

Ìwé tó bá bàjẹ́, wọn kì í tà á. A máa ń kó o sínú àpótí kan. Ibẹ̀ ni Àǹtí ti ń mú èyí tó ń kà fún wa tá a bá ń jẹun ọ̀sán. Lọ́dún yìí, mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́, ti ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún kan tó sá nílé torí bàbá ẹ̀ fẹ́ ìyàwó míì. Ọjọ́ mọ́kànlélógún la fi gbọ́ ọ. Ọkùnrin tó ń po gọ́ọ̀mù sunkún, ó ní gọ́ọ̀mù ló ta sóun lójú. Ìkejì, ti ìlú kan nísàlẹ̀ omi, tí àwọn ará ibẹ̀ ń yá òjìji ara wọn lò. Ìyẹn gba ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ìkẹta ni ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan: wọ́n bá òkú dókítà nínú yàrá tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn ẹ̀ pa látinú.

Lọ́jọ́ kejìlá ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yìí, ẹ̀gbẹ́ Àǹtí ni mo jókòó sí. Mo wò ó, nọ́ńbà ojú ìwé wà lókè. Ìsàlẹ̀ ni nọ́ńbà máa ń wà nínú ìwé tiwa. Wọ́n ti rán ìká bébà tó wà níbẹ̀ sódì, ó dorí kodò. Àǹtí sì ń kà á lọ geere. Ìgbà mọ́kànlá ló ṣí ojú ìwé, kò yí ìwé yẹn padà lẹ́ẹ̀kan.

Mo dúró kí àwọn tó kù dìde.

"Àǹtí, ìwé yẹn dorí kodò."

Ó fọwọ́ pa ẹ̀yìn ìwé náà. "Látìgbà wo?"

"Látìgbà tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lónìí."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Dókítà yẹn ṣáà kú dáadáa."

Ó wá sọ fún mi pé ó ti tó oṣù méjì tójú òun ti ń ṣe bí ẹni wà nínú èéfín. Ọwọ́ lòun fi ń rán ìwé. Ìtàn tóun ń kà fún wa, orí bẹ́ẹ̀dì lòun ti ń rò ó láràárọ̀. Àwọn ọmọ ọmọ òun méjì ń bẹ nílé, iṣẹ́ yìí náà lòun fi ń tọ́ wọn. Ó bẹ̀ mí: tí ìwé bá bàjẹ́ lọ́wọ́ òun, kí n pín in sórúkọ àwọn tó kù.

Àtọjọ́ náà ni mo ti ń ṣẹ́ etí òkè bébà díẹ̀ kí n tó gbé e fún un, kí ìka ẹ̀ lè mọ orí ìwé. Fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, ìwé kan ò bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, ọ̀gá gbé ẹ̀rọ tó ń ká bébà dé, wọ́n ní kí n lọ máa di ẹrù, àmọ́ kí n ṣì máa kọ iye ìwé tó bàjẹ́. Ẹ̀rọ kì í ṣẹ́ etí bébà.

Lọ́jọ́ yẹn nìkan, ìwé mẹ́rìnlá bàjẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí. Mo di bírò mú títí. Ta ni mo fẹ́ pín in fún? Ọmọbìnrin tó ń rán ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ò tíì lo oṣù kan níbi iṣẹ́. Mo kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọ̀gá ka ohun tí mo kọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pe Àǹtí síwájú gbogbo wa. Ó fún un ní bébà kan, ó ní kó kà á. Àǹtí na bébà yẹn síwájú, ó bẹ̀rẹ̀: ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ padà wọ yàrá dókítà, ó ń yẹ ojú fèrèsé wò. Bébà yẹn, nǹkan kan ò sí lára ẹ̀, funfun báláú ni.

Ìdákẹ́ wa ló jọ pé ó gbọ́. Ó fi àtàǹpàkò pa bébà náà, ó ká a sí méjì, ó dá a padà fún ọ̀gá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ọ̀gá ní kó máa lọ sílé, kó má padà wá mọ́. Mo sìn ín dé ojú títì. Kò gbà kí n di òun lọ́wọ́ mú, ara ògiri ló ń tọ̀.

"Akọ̀wé, mélòó lo kọ?"

"Mẹ́rìnlá ni, Àǹtí."

"Mo rò pé á jù bẹ́ẹ̀ lọ," ló wí, ó sì ń tọ ògiri lọ.